Ojú Ìwé Kejìlá

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ogún ọdún di ìyè sínú àpò fún àwọn ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó dúró ti tábìlì kan náà, ó fi ọwọ́ kan náà di ikú. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì fi í nu tábìlì. Kà á tán. Láìpẹ́, wàá mọ ìdí tí mo fi ní kí o kà á tán.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kí ó máa di páráṣúùtù, aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń gbé ènìyàn sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ó bá bẹ́ jáde nínú bàálù. Pápá kan wà létí ìlú tí àwọn ènìyàn tí ara wọn kò gba ilẹ̀ máa ń wá ní gbogbo Sátidé. Bàálù kékeré kan á gbé wọn lọ sókè, wọ́n á sì bẹ́. Má bi mí léèrè ohun tí ń lé wọn. Eré tí wọ́n yàn láàyò nìyẹn.

Nínú ilé onípáànù kan létí pápá náà ni tábìlì rẹ̀ wà, ó gùn tó ènìyàn mẹ́ta tí ó dùbúlẹ̀ tẹ̀léra. Á tẹ́ aṣọ náà sórí rẹ̀, á ka okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ká a, á fi orúnkún tẹ afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀, á sì rọ ọ́ sínú àpò. Lẹ́yìn náà, á kọ ọjọ́ tí ó dì í sórí káàdì kékeré kan, á fọwọ́ sí i, á sì tì í bọ àpò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹni tí ó bá gbé tirẹ̀ wá ló máa ń sọ pé, "Bàbá, ẹ dì í dáa o." Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Dìídáa nìyẹn.

Àṣà kan wà ní pápá yẹn. Kò sí ẹni tí ń gba àpò lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í láì bi í pé, "Ṣé o lè fi í fò?" Bí ó bá dáhùn pé, "Mo lè fi í fò," ọ̀rọ̀ parí. Bí ó bá kẹ́nu bọ ọ̀rọ̀ tí ó ń wo ilẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un dì. Fún ogún ọdún, Dìídáa kò wolẹ̀ rí. Ó tilẹ̀ ń fi í yangàn. "Ẹ wá a kárí," á ní, "èyí tí mo dì tí kò ṣí, kò sí." Kì í lọ sí ilé Ọlọ́run. Ó ní kí àwọn tí ọwọ́ wọn kò mọ́ máa lọ.

Àbúrò rẹ̀ ni ó ń wa bàálù náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àbúrò yìí nígbà tí ìyá wọn kú, Dìídáa ló pọ̀n ọ́n, òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń so okùn bàtà. Mẹkáníìkì tí ń tọ́jú bàálù sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Dìídáa láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwo kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jẹun ọ̀sán.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, bàálù gbéra pẹ̀lú ènìyàn méje nínú rẹ̀ àti awakọ̀. Dìídáa jáde wá wò ó bí ìṣe rẹ̀, ó gbé ọwọ́ síwájú orí. Ó gbọ́ ìró kan, pàá, bí ìgbà tí ènìyàn fi orúnkún ṣẹ́ igi ìdáná. Apá òsì bàálù náà ká sókè, ó já kúrò lára rẹ̀, bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí bírí bọ̀ nílẹ̀.

"Ẹ bẹ́! Ẹ bẹ́!" ni gbogbo ènìyàn ń kígbe, bí ẹni pé àwọn tó wà lókè ń gbọ́. Aṣọ àkọ́kọ́ ṣí. Èkejì ṣí. Wọ́n ń kà á sókè títí ó fi pé méje. Nígbà náà ni bàálù wọ ẹ̀yìn òkè tí ó wà lọ́hùn-ún lọ, èéfín sì sọ.

Àwọn méje tí ó gbé lọ, méje ló padà wálé láàyè. Awakọ̀ nìkan ni kò padà. Wọ́n sọ fún Dìídáa pé àbúrò rẹ̀ ń bá bàálù náà jà títí ẹni keje fi jáde. Kò bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní òkú ti kú, kí ni ẹ tún fẹ́ kí n gbọ́?

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn olùwádìí kọ ìwé kan jáde, wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí i. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ń kà á. Ojú ìwé kọkànlá ni ó ti rí ohun tí ó ń wá. Irin tí ó gbé apá òsì ró ti sán láti inú, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń sán. Ìdérí kan wà lábẹ́ apá náà tí mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ ṣí kí ó tó lè rí irin ọ̀hún. Mẹkáníìkì fọwọ́ sí i pé òun ṣí i, òun wò ó, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀dà àtijọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ìdérí náà yíká. Kò ṣí i rárá.

Dìídáa pa ìwé náà dé, ó jù ú sábẹ́ ibùsùn. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún ni ó ní. Kò kà ju mọ́kànlá lọ.

"Ó ti tó," ó ní. "Mo ti mọ ẹni tí ó pa àbúrò mi."

Ilé ẹjọ́ rán mẹkáníìkì lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ, wọ́n sì gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Dìídáa gbọ́, ó rẹ́rìn-ín kíkorò. Oṣù mẹ́jọ! Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, oṣù mẹ́jọ! Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bó bá jẹ́ àbúrò tèmi ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Inú ẹ̀wọ̀n ni mẹkáníìkì ti gba Jésù. Ìyá Aránṣọ ló ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Opó ni ìyá yìí, òun ló ń rán páráṣúùtù tí ó bá ya, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà ní igun ilé onípáànù náà, ó kọjú sí tábìlì Dìídáa. Nígbà tí mẹkáníìkì jáde, ilé Dìídáa ni ó kọ́kọ́ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Ọ̀lẹ ló mú mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní àwáwí kankan. Dákun, dárí jì mí."

"Dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!" ni Dìídáa wí. "Ṣé o rò pé ìdọ̀bálẹ̀ ló máa jí i? Bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò á pe baba. Ọwọ́ mi á tẹ̀ ọ́." Ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí ilẹ̀ níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Dìídáa kò ní iṣẹ́ méjì. Ó fi ọ̀dà pupa kọ APÀNÌYÀN sára ilẹ̀kùn mẹkáníìkì. Nígbà tí ó gbọ́ pé mẹkáníìkì ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ iná mànàmáná ṣe, ó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ó bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì lé mẹkáníìkì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Tí wọ́n bá pàdé lójú pópó, Dìídáa á tutọ́ sílẹ̀. Mẹkáníìkì kò fèsì rí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn tún ń bí Dìídáa nínú ju èsì lọ.

"Dìídáa, ọmọ mi," Ìyá Aránṣọ á wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa tẹ ẹ̀rọ, "fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Òun nìkan ni kì í ṣìṣe tó bá ń gbẹ̀san."

"Ọlọ́run yín ti pẹ́ jù, Ìyá. Ẹ máa ránṣọ yín."

Ọdún méjì pé. Àwọn méje tí a yọ ní àwọn fẹ́ bẹ́ papọ̀ láti fi rántí awakọ̀ tó gbà wọ́n là. Mẹkáníìkì, tí òun náà ti ń bẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ìkẹjọ. Wọ́n gbà. Ọ̀gá pápá ní ó dọwọ́ Dìídáa, torí òun ló máa di ti gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí kò rò pé Dìídáa á fi igbe bọnu.

"Ẹ jẹ́ kó wá," ni Dìídáa wí. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ènìyàn ní ìbínú ti rọlẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣìnà!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó di ti àwọn méje, ó dì í dáa. Ó wá tẹ́ ti mẹkáníìkì. Méjì ló wà nínú àpò kan, ńlá àti kékeré, kí kékeré lè gba ènìyàn bí ńlá bá kọ̀. Dìídáa rí i dájú pé kò sí èyí tí yóò ṣí nínú méjèèjì. N kò ní sọ bí ó ṣe ṣe é, torí n kì í ṣe olùkọ́ fún Sátánì. Gbogbo bí ó ti ń ṣe é, ó ń fi imú kọrin. Ó pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọjọ́ sórí káàdì, ó sì fọwọ́ sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a dá, mẹkáníìkì wọlé. Ó ti rù, ẹ̀wù rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Ó dúró níwájú tábìlì tí wọ́n ti jọ jẹun fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"O ṣeun tí o gbà," ó ní. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí àpò náà. "Ṣé o lè fi í fò?"

Dìídáa wò ó lójú kòrókòró. "Mo lè fi í fò."

Mẹkáníìkì gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì jáde lọ bá àwọn yòókù ní ìdí bàálù.

Dìídáa dúró sí ojú fèrèsé, ó káwọ́ gbera. Ìyá Aránṣọ gbé ojú sókè láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ojú rẹ dán lónìí," ó ní. "Ṣé o ti dárí jì í ni?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan fún yín," ni Dìídáa dáhùn, kò yíjú. "Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ohun tí kò wò, tí ẹlòmíràn wá torí ẹ̀ kú, ikú ló tọ́ sí i. Ẹni tó bá sì ní kí a ṣàánú rẹ̀, òun náà ò mọ nǹkan kan."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. "Dìídáa, má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ ọ́! Ikú ló tọ́ sí i!"

"Mo ní má sọ ọ́! Má fi ẹnu ara rẹ dá ẹjọ́ ara rẹ!" Omi ti dé ojú ìyá náà. "Ṣé o ka ìwé ìwádìí yẹn tán?"

"Mo ka ibi tó kàn mí."

Ìyá Aránṣọ fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde, èyí tí wọ́n fún mẹkáníìkì. "Ó bẹ̀ mí kí n má fi hàn ọ́ láéláé," ó ní. "Ọlọ́run dárí jì mí. Ka ojú ìwé kejìlá."

Dìídáa gbà á. Ó kọ́kọ́ kà á bí ẹni tó ń yára. Lẹ́yìn náà, ó padà sókè, ó tún un kà lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àbúrò rẹ̀ jáde nínú bàálù náà láàyè. Páráṣúùtù pàjáwìrì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fa okùn rẹ̀. Ààyè wà kí ó ṣí. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí a fi di àwọn okùn inú rẹ̀ ti gbó, ó ti yọ́ lẹ̀ mọ́ wọn, aṣọ náà kò sì lè tẹ́. Káàdì ẹ̀gbẹ́ àpò sọ pé ẹnì kan tú u, ó tún un dì ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Bí aṣọ náà ṣe rí fi hàn pé ó ti ju ọdún kan lọ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti kàn án kẹ́yìn. Wọ́n tẹ àwòrán káàdì náà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ìfọwọ́sí Dìídáa ni.

Ó rántí. Ah, ó rántí! Ọ̀sán kan ni, iṣẹ́ pọ̀ lórí tábìlì. Àbúrò rẹ̀ sáré wọlé, bàálù ń dúró dè é. "Bọ̀dá mi, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i jàre, ìgbà wo ni mo fẹ́ lo eléyìí?" Dìídáa sì kọ ọjọ́, ó fọwọ́ sí i, kò tú u. Àbúrò rẹ̀ gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bi í ní ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń bi í. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo lè fi í fò."

"Ó mọ̀?" ni Dìídáa bèèrè. "Mẹkáníìkì mọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Kí ó tó wọ ẹ̀wọ̀n ló ti mọ̀. Nílé ẹjọ́, ó gba gbogbo ẹ̀bi sórí ara rẹ̀, wọn kò sì dé ojú ìwé kejìlá. Ó ní òun ló kọ́kọ́ da iná sílẹ̀, pé ẹni tó sin àbúrò kò yẹ kó tún sin ara rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí o ń bú u, tí o kun ilẹ̀kùn rẹ̀, ó mọ̀."

Àwọn àgbà ní kí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìkà má gbẹ́ ẹ jìn. Dìídáa dúró ní ìsàlẹ̀ kòtò tirẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kò sì rí ibi tí yóò gbà gòkè. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì bàálù dún lóde.

Ó figbe ta. Ó fò tábìlì kọjá, ó já síta, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò wẹ̀yìn. Bàálù ti ń yí lọ sí ìpẹ̀kun pápá. Ó gba àárín koríko, ó sáré yí i ká, ó sì dúró níwájú rẹ̀ gan-an, ní ibi tí abẹ̀bẹ̀ irin náà ti ń gé afẹ́fẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ pa á! Ẹ pa ẹ́ńjìnnì!"

Awakọ̀ tuntun pa á. Dìídáa sáré dé ẹnu ọ̀nà bàálù, ó fa mẹkáníìkì sílẹ̀, ó já àpò náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tú u palẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n rí ohun tí ó ṣe. Ẹnì kan ní, "Jésù!" Ọ̀kan nínú àwọn méje náà gbá a létí, Dìídáa kò sì gbé ọwọ́ dáàbò bo ojú rẹ̀.

"Mo fẹ́ pa ọ́," ó sọ fún mẹkáníìkì lórí ìkúnlẹ̀. "O bi mí, mo sì purọ́ fún ọ."

Mẹkáníìkì ń wo aṣọ tó wà nílẹ̀. "Mo gbà ọ́ gbọ́," ó ní. "O wò mí lójú, mo gbà ọ́ gbọ́."

"Mo ti ka ojú ìwé kejìlá."

Mẹkáníìkì náà kúnlẹ̀ sínú koríko, ó fi ọwọ́ kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ìyá Aránṣọ dé, ó ń mí gúlegúle, bàtà Dìídáa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ta ló máa gba irú èmi yìí?" ni Dìídáa bèèrè. "Mo pa ọ̀kan, mo tún fẹ́ pa èkejì."

"Ẹni tí wọ́n pa láìṣẹ̀, tó sì ń tọrọ ìdáríjì fún àwọn tó pa á," ni ìyá náà dáhùn. "Mẹkáníìkì dákẹ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ó sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣẹ̀ bíi tìrẹ ni. Kò lè wẹ̀ ọ́. Jésù kò jẹ gbèsè kankan, òun ló sì rù ú. Ké pè é."

Dìídáa ké pè é. Kò mọ àdúrà kankan. Ohun tí ó sọ kò ju pé, "Olúwa, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Èmi ni. Ṣàánú mi." Ó ń tún un sọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí ó dìde, ohun tí ó ti dì mọ́ àyà rẹ̀ fún ọdún méjì kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá pápá pe ọlọ́pàá, ohun tó tọ́ ló ṣe. Dìídáa sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò yọ ọ̀kan kúrò. Mẹkáníìkì bẹ adájọ́ fún un títí, síbẹ̀ ó lo ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́wọ̀n. Ọjọ́ tó jáde, ó bá mẹkáníìkì lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú Ìyá Aránṣọ. Wọ́n jọ lọ fi ọ̀dà funfun kun ilẹ̀kùn kan.

Ní pápá, wọn kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan páráṣúùtù. Ó ń gbálẹ̀ ilé onípáànù náà, kò sì ráhùn. Títí di Sátidé kan tí mẹkáníìkì gbé àpò tirẹ̀ wá, tí ó gbé e lé tábìlì, tí ó ní òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn dì í. Ẹni tó gba iṣẹ́ Dìídáa dúró tì í, ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Dìídáa ka okùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tó wákàtí méjì kí ó tó dì í tán.

"Ṣé o lè fi í fò?" ni mẹkáníìkì bèèrè.

Omi dà lójú Dìídáa. "Mo lè fi í fò," ó ní. Mẹkáníìkì gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó lọ sókè, ó sì bẹ́. Dìídáa dúró nínú koríko, ó ń ka àdúrà títí ó fi rí i pé aṣọ náà ṣí.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, orúkọ ta ni ń bẹ ní ojú ìwé kọkànlá rẹ? Mo mọ̀ pé o mọ ọjọ́ tó ṣẹ̀ ọ́, o mọ aṣọ tó wọ̀, o mọ ọ̀rọ̀ tó sọ. Bóyá òótọ́ ni ó ṣẹ̀ ọ́. N kò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n o ti pa ìwé náà dé kánkán jù. Ṣí ojú ìwé tó tẹ̀lé e. Ìfọwọ́sí tìrẹ wà níbẹ̀, Ọlọ́run sì ti kà á láti ìgbà tí o ti ń fi ẹnu rẹ dájọ́ ikú fún ọmọlàkejì rẹ.

Irin tí o gbẹ́kẹ̀ lé ti ń sán láti inú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán. Ọjọ́ tí yóò já, kì í fi ìwé ránṣẹ́. Kí ni yóò gbé ọ? Ṣé ọwọ́ rẹ tí o ní ó mọ́ ni?

Lọ bi Jésù ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bèèrè ní pápá yẹn. Bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ó ní kí o fi ẹ̀mí rẹ lé. Òun kò ní sọ fún ọ pé òun lè fi í fò. Ó ti fò. Ó wọ inú ikú lọ ṣáájú rẹ, ó jíǹde, ó sì balẹ̀ láàyè.

Ké pè é lónìí, níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí sápò. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ kan ilẹ̀kùn ẹni yẹn. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún.